Ẹ̀rọ Tó Ń Fò

Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti ń ránṣọ ní Kétu.
Mo mọ ohùn ẹ̀rọ bí ìyá ṣe mọ ikọ́ ọmọ rẹ̀.
Bí abẹ́rẹ́ bá tẹ̀, mo gbọ́.
Bí òwú bá fẹ́ já, etí mi á ti mọ̀ kí ojú tó rí i.

Àmọ́ lóru ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́,
tí eruku pupa ti kún ojú fèrèsé,
mo fi apá òsì dùbúlẹ̀,
mo gbọ́ ẹ̀rọ kan tí kì í ṣe tèmi:
kì-kì, kì-kì, kì.
Ó dákẹ́.
Mo dúró dè é.
Kì! Ó padà dé, ó wúwo bí ẹni já bọ́ lórí àga,
ló bá ń sáré, kìkìkìkì,
bí ọmọ iṣẹ́ tó gbọ́ ohùn ọ̀gá lẹ́nu ọ̀nà.

Felisité gbé etí lé mi láyà.
Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́,
ó mọ èdè iṣẹ́.
Ó ní, "Ẹ̀rọ yín ń fò."

Nílé ìwòsàn wọ́n lẹ wáyà mọ́ mi lára,
bébà tẹ́ẹ́rẹ́ ń tú jáde, ìlà dúdú ń gòkè, ó ń wálẹ̀,
rírán wọ́gọwọ̀gọ.
Ọmọ iṣẹ́ tó bá rán irú ẹ̀ wá fún mi,
yóò tú u, yóò tún un rán.

Dókítà Akọ́bí, ọmọ Ìlárá,
fa ẹ̀jẹ̀ mi, ó fi ránṣẹ́ sí Kútọnu.
Ọjọ́ kẹsàn-án ló pè mí:
"Omosisitéènì yín ti ga jù."
Mo ní, "Ta nìyẹn? Ará Kútọnu ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wo ìka mi tí òwú ti gé,
ó wá èdè tó yé mi.
"Bàbá, bí ẹ bá ń gé aṣọ, àgékù a máa bọ́ sílẹ̀.
Ẹran, ẹja, ẹyin tí ẹ jẹ, ara ń gé e,
àgékù rẹ̀ nìyẹn.
Ọmọ iṣẹ́ ló yẹ kó ṣà á, kó fi rán nǹkan mìíràn.
Inú ẹ̀fọ́, inú ẹ̀wà, inú ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń gbé,
fítámì là ń pè wọ́n.
Bí wọn kò bá wá síṣẹ́, àgékù á ga lábẹ́ tábìlì,
á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, á máa ha iṣan
bí iyanrìn inú epo ẹ̀rọ,
iná tó ń sọ fún ọkàn pé 'lù' á sì máa ṣìnà."

Ó tún dákẹ́ díẹ̀, nítorí olóòótọ́ ni.
"Kì í ṣe òun nìkan o. Ẹ̀jẹ̀ ríru yín wà níbẹ̀, ọjọ́ orí wà níbẹ̀.
Àwa dókítà pàápàá ṣì ń jiyàn
bóyá òun ló dá ìjà sílẹ̀ ni,
àbí ibi ìjà la kàn ti bá a."

Ó bi mí ní ohun tí mò ń mu.
Mo wolẹ̀.
Ife sódàbì kan nírọ̀lẹ́,
méjì bí oníbàárà bá sanwó,
mẹ́ta bí kò bá san.

Ó bi Felisité bó ṣe ń se ẹ̀fọ́.
"Mo ń bọ̀ ọ́ títí á fi rọ̀ pẹ̀tẹ̀,
mo sì ń da omi rẹ̀ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé."
Kí dókítà tó la ẹnu, òun fúnra rẹ̀ ti gbọ́ ohun tó sọ.
"Yéè! Ọmọ iṣẹ́ wa ni mo ń dà nù!"

Epo ẹ̀rọ ló wà nínú ìgò sódàbì báyìí.
Ẹ̀fọ́ wa ń dún lẹ́nu bí ewé tútù,
mi ò fẹ́ràn rẹ̀, mò ń jẹ ẹ́.
Oògùn funfun kan láàárọ̀, òmíràn lálẹ́.

Ó ṣì ń fò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.
Felisité á jí, á gbé ọwọ́ lé e, kò ní sọ̀rọ̀,
á máa kà á lábẹ́ ahọ́n títí yóò fi tò.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ti ń rù.